Ìwàásù Tí Fọlábí Kò Kà Tẹ́lẹ̀

Oorun ni Fọlábí ń sùn lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Igbó-Ọrà ni o, bàbá mi, katikíìsì Zachariah, ló sì ń wàásù lọ́wọ́. Tíṣà ni Fọlábí, láti Èrúwà ló ti wá bá wa ṣe ìkórè. Bàbá ṣẹ́jú sí mi pé kí n lọ jí i.

"Ẹ dákun, ẹ̀ ń hanrun," ni mo wí fún un.

"Mo ń ronú sí ọ̀rọ̀ yẹn ni," ló fi fèsì, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì.

Ẹ̀rín pa mí. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá mi. Kí ọdún tó yí po, mo ti fẹ́ràn rẹ̀ débi pé tí n kò bá rí i lọ́jọ́ ọjà Lánlátẹ̀, oúnjẹ kì í lọ lọ́fun mi. Àwọn ẹbí rẹ̀ wá tọrọ mi, bàbá mi gbà fún wọn.

Ọdún tí ogun Biafra parí ló lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní ọdún mẹ́ta péré, òun á wá mú mi. Mo fún un ní Bíbélì Yorùbá, mo sunkún títí mọ́tò fi lọ.

Nínú lẹ́tà àkọ́kọ́, òtútù ló ń ráhùn lé lórí. Nínú èkejì, onílé rẹ̀ ò fẹ́ gbọ́ òórùn ata. Nínú ẹ̀kẹta ni wàhálà tèmi ti bẹ̀rẹ̀.

"Àṣàkẹ́ mi, àwa Yorùbá àdúgbò yìí ti ń pé jọ gbàdúrà ní pálọ̀ Màmá Ọmọ́ṣọlá. Mo ṣèèṣì sọ pé katikíìsì ni bàbá ìyàwó mi. Ni wọ́n bá ní èmi ni n ó máa wàásù. Gbà mí o. Kí ni wọ́n máa ń wí níbẹ̀?"

Ẹ gbọ́ mi o, ẹ̀yin èèyàn. Ẹni tó ń hanrun. Ṣé wọ́n ń jogún ìwàásù lọ́dọ̀ àna ni?

Ìfẹ́ ò jẹ́ kí n kọ̀. Mo kọ ìwàásù kan ránṣẹ́ sí i. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní kí n tún kọ òmíràn. Kò pẹ́, wọ́n fi Fọlábí jẹ olórí ìjọ. Ó ń sọmọ lórúkọ, ó ń sin òkú, èmi tíṣà tí mo jókòó sí Igbó-Ọrà pẹ̀lú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí n kò tíì máàkì ni mò ń kọ gbogbo ohun tó ń sọ. Ó tiẹ̀ ń fi yangàn: "N kì í kà á tẹ́lẹ̀ mọ́. Orí àga ìwàásù ni mo ti ń tú lẹ́tà rẹ."

Ọdún mẹ́ta di mẹ́rin, ó di márùn-ún. Tí mo bá bi í pé ìgbà wo ló ń bọ̀, á ní ìjọ ò tíì jẹ́ kí òun ráyè.

Sùúrù bàbá mi tán. "Rebecca, o ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Àwọn ẹbí Gbénró ní Tápà ti wá tọrọ rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Tí ìkórè ọdún yìí bá kọjá tí n kò rí Fọlábí, màá dá wọn lóhùn."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, Fọlábí ni mo fẹ́."

"Ṣé òun náà mọ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ eegun. Mo wọ yàrá, mo sunkún, mo nu ojú mi, mo mú bírò.

"Ẹ̀yin ará," ni mo kọ, "Jákọ́bù fi ọdún méje sìn nítorí Rákélì. Èmi Fọlábí kò sin ẹnikẹ́ni. Rebecca, ọmọ katikíìsì Igbó-Ọrà, ló ń sìn mí. Òun ló ń kọ gbogbo ìwàásù tí ẹ ń ṣe àmín sí. Ó ti ń dúró dè mí láti ọdún márùn-ún, wọ́n sì ti fẹ́ fi í fún ọkùnrin mìíràn. Ẹ bá mi bi ara mi, kí ni mò ń ṣe níbí?"

Mo lẹ̀ ẹ́ pa, mo fi ránṣẹ́ bí ìwàásù yòókù.

Lẹ́tà tó padà wá kì í ṣe tirẹ̀. Màmá Ọmọ́ṣọlá ló kọ ọ́. "Ọmọ mi, nígbà tó kà á dé ibi orúkọ rẹ, ó fẹ́ pa ìwé náà dé. Mo ní kó kà á tán. A ti gba àga ìwàásù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń bọ̀ wálé."

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí a ṣe ìkórè, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò lọ́wọ́, ni mo rí i lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì mi. Ó ti rù. Mo le ojú koko.

"Àṣàkẹ́, ìjọ ní n ò gbọdọ̀ padà láìmú ọ dání."

"Ṣé ìjọ ló fẹ́ fẹ́ mi ni?"

Ó wolẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá là á sílẹ̀.

"Mo féèlì ìdánwò, ó di ẹ̀ẹ̀mejì. Abọ́ ni mò ń fọ̀ nílé oúnjẹ kan. Ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni mo ti jẹ́ èèyàn, ọ̀rọ̀ tìrẹ náà ló sì sọ mí dà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí o bá dé, tí o rí mi bí mo ṣe rí, o ò ní fẹ́ mi mọ́. Mo... mo fẹ́ràn rẹ, Rebecca. N ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kó dùn."

Kò tò ó dáadáa. Síbẹ̀ inú mi rọ̀, omi lé sí mi lójú.

"Ẹ lọ jókòó sábẹ́ igi yẹn," ni mo wí. "Mo ṣì ní iṣẹ́."

Ó jókòó síbẹ̀ títí agogo fi lù, n kò sì yára. Lẹ́yìn náà a jọ gba ọ̀nà ilé. Nígbà tí mo rí Bàbá lókèèrè, tó dìde dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo di ọwọ́ Fọlábí mú.

"Ẹ̀yin lẹ máa sọ̀rọ̀ o, olówó orí mi," ni mo wí. "N ò kọ ọ́ fún yín."