Orin Tí Ẹnikẹ́ni Kò Kọ́ Ẹ̀bùnlọlá

Ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni Ẹ̀bùnlọlá jí, tó bá a pé ẹnì kan ti yí ohùn okùn gìtá òun padà. Kì í ṣe pé wọ́n dẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń dẹ̀ nígbà òjò. Mẹ́ta lọ sókè, méjì wálẹ̀, wọ́n sì bá ara wọn mu rẹ́gí, bí iṣẹ́ ọ̀gá. Igi gìtá náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, àfi bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kúrò láyà.

Òun nìkan ló ń sùn nínú yàrá náà, nílé bàbá rẹ̀ ní Festac. Olúgbóyèga, bàbá rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, kì í fọwọ́ kan gìtá. Dùrù ṣọ́ọ̀ṣì ni tirẹ̀. Ìdí dùrù yẹn ni Ẹ̀bùnlọlá ti kọ́kọ́ mọ orin. Bọ̀dá Súbérù, tó ń ta mílíìkì àti ṣúgà ní àdúgbò Raji Rasaki, kọ́ ọ ní orin wéré tí wọ́n fi ń jí ènìyàn lóṣù ààwẹ̀. Ará Kóńgò kan ní Alákijà kọ́ ọ bí ìka ṣe ń sáré lórí okùn. Ó tún lọ ka ìwé orin ní yunifásítì, ibẹ̀ sì ni olùkọ́ kan ti sọ ọ̀rọ̀ tó gún un dé egungun: "Mo gbọ́ gbogbo àwọn tó kọ́ ẹ nínú orin yìí. Ìwọ alára ńkọ́?"

Ní báyìí, ó ku ọjọ́ mẹ́jọ kó ta gìtá níwájú èrò. Orin tuntun ló ṣèlérí. Kò tíì rí ìlà kan kọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹrin, bàbá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀bùn, gbé nǹkan yìí jáde nílé mi," ó rọra wí.

"Dádì, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ń wí."

"Ẹ̀rù ò bà ẹ́ ni?"

"Ó ń bà mí, sà."

Lọ́tẹ̀ yìí, kò dá okùn náà padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Bó ṣe fọwọ́ kàn án, orí rẹ̀ wú. Òórùn ẹrẹ̀ àti omi oníyọ̀ gba yàrá kan, bẹ́ẹ̀ fèrèsé wà ní títì. Ìka rẹ̀ ń lọ bí ẹni tó mọ̀nà ilé. Kó tó di ọ̀sán, orin ti pé.

Lọ́jọ́ tó máa ta á níwájú èrò, gbọ̀ngán kan ní Festac kún fọ́fọ́. Dùrù bàbá rẹ̀ wà nínú orin náà, wéré wà níbẹ̀, ìka Kóńgò ń sáré nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn kan ṣoṣo ló kó gbogbo wọn jọ. Ó dé ìdajì ni ìyá arúgbó kan bá dìde ní ìlà kejì, tó lanu, tó ń kọ ọ́ tọ̀rọ̀tọ̀rọ̀. Orin tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí! Ọwọ́ Ẹ̀bùnlọlá fẹ́ dúró, kò gbà fún un. Ó gbé gìtá lé ohùn ìyá náà, àwọn méjèèjì jọ ń gòkè, títí gbogbo gbọ̀ngán fi dìde, tí àtẹ́wọ́ ń dún bí òjò lórí páànù. Bàbá rẹ̀ fi fìlà nu ojú.

Wọ́n mú ìyá náà gun orí pèpéle.

"Ọmọ Kuje, abúlé apẹja tó wà níbí tẹ́lẹ̀, ni mí," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí i létí. "Orin tí àwọn ìyá wa ń kọ bọ̀ láti ibi ẹja nìyẹn, kí ilé tó kún ibí. Èmi nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n. Ta ló kọ́ ẹ?"

"Mi ò mọ ẹni náà, Màmá."

Ìyá náà wo ẹ̀yìn Ẹ̀bùnlọlá. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì kúnlẹ̀ bí ọmọdé.

"Ọmọ mi," ó wí, "ṣé o ò ní fún ìyá wa níjòókòó ni?"

Ẹ̀bùnlọlá yíjú padà. Kò rí ẹnì kankan. Èrò ń pariwo pé kó tún un ta. Ó fa àga kan sún mọ́ tirẹ̀.

"Ẹ jókòó, Mà."

Àga náà dún, bó ṣe máa ń dún tí àgbàlagbà bá fara balẹ̀ sórí rẹ̀. Ẹ̀bùnlọlá gbé gìtá sáyà, ó rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ orin náà lákọ̀tun.