Ogún Aṣọ Kọ́ Ni A Kó Wá

Bí Bùsírátù ṣe wọ ọ́fíìsì láàárọ̀ Mọ́ńdè kan lọ́dún 1987, aró ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì títí dé ìgúnpá. Ó fi ìka méjì péré mú lẹ́tà kan dání, bí ẹni mú òkú eku. Jẹ̀lílì, akọ̀wé tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìròyìn oṣù fún ilé-iṣẹ́ aṣọ kan l'Abẹ́òkúta, gbójú sókè, ó sì gbàgbé nọ́ńbà tó ń tẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún aṣọ tí ìyá mi pa láró ló bàjẹ́, pé ẹ ò ní gbaṣọ lọ́wọ́ wa mọ́?"

"Ẹ jókòó ná, àǹtí."

"Mi ò wá jókòó. Igba aṣọ la kó wá lóṣù tó kọjá, mẹ́fà péré lẹ dá padà. Ta ló kọ́ yín ní ìṣirò?"

Jẹ̀lílì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó yẹ ìròyìn náà wò. Nígbà tó dé ìlà tí kọ̀ǹpútà ti ń ṣírò fúnra rẹ̀, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Aṣọ tó bàjẹ́ ní gbogbo oṣù ni ó kó jọ, ṣùgbọ́n kò fi igba pín in. Ogún aṣọ tí wọ́n kó wá lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn nìkan ló fi pín in. Mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ló yẹ kó jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe ṣi ìṣirò agbo ilé aláró méjèèje tó wà nínú ìwé.

"Èmi ni mo ní kó máa ṣírò báyẹn," ó wí. "Àṣìṣe mi ni."

Ìjà ni Bùsírátù múra wá. Ó fa àga, ó jókòó.

Ọ̀gbẹ́ni Herbert, máníjà, kò fẹ́ gbọ́. "Ìròyìn ti dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà. Tún ti oṣù tó ń bọ̀ ṣe. Bí o bá gbé ìwé kankan kọjá mi, má padà wá síbí."

Jẹ̀lílì tún ìlà náà ṣe, ó buwọ́ lù ú, ó sì gbé e lọ sílé ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n bẹ agbo ilé méjèèje, wọ́n sì tún ń gbaṣọ wọn. Herbert náà mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ: ó lé Jẹ̀lílì.

Láti ìgbà náà ni Jẹ̀lílì ti ń yà kí Bùsírátù àti ìyá rẹ̀ n'Ítòkú, níbi tí wọ́n ti ń pa aṣọ láró.

"Ẹni tí ò mọ pínpín," Bùsírátù a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Kọ́ mi, olólùfẹ́."

Nígbà tó wá tọrọ rẹ̀, Alájì Sàlàhúdíìnì, bàbá Bùsírátù, mi orí. "Ẹni tí wọ́n lé níṣẹ́? Ọmọ Mọ́nsúrù tó ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ti bá mi sọ̀rọ̀ láti fẹ́ ẹ."

Bùsírátù kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò wárìrì. "Bàbá, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣàṣìṣe, tí wọ́n á dì í ru ẹlòmíì. Eléyìí ní òun ni, ó sì fi iṣẹ́ rẹ̀ tún un ṣe. Mi ò ní bá a sá lọ, nítorí ọmọ yín ni mí. Ṣùgbọ́n mi ò ní fẹ́ ẹlòmíì."

Alájì yíjú sí Jẹ̀lílì. "Kí lò ń ṣe báyìí?"

"Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò l'Ódẹdá, sà."

"Ìṣirò kẹ̀?" Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ bọ́ lẹ́nu àgbà náà. "Lọ pe ẹbí rẹ wá."

Lọ́jọ́ yìgì, Lẹ́mọ́mù bi Bùsírátù bóyá ó gbà láti fẹ́ ọkùnrin yìí. Ojú máa ń ti àwọn ìyàwó, wọn a fọhùn jẹ́jẹ́. Bùsírátù ní òun gbà, àwọn tó dúró ní títì sì gbọ́ ọ.