Garawa Ọ̀dà Kan fún Ọwọ́ Mẹ́rin

Kí n tó sọ ohun tí ọmọ ọmọ mi ṣe, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fẹjọ́ ara mi sùn. Èmi ni mo kọ́ ọ pé kó purọ́. Èmi arúgbó tí mo ti fi ọgbọ̀n ọdún kun ilé onílé ní ọ̀dà, mo jókòó lórí ibùsùn ọmọ náà, mo ní, "Ta ni yóò mọ̀?" Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà lọ́jọ́ yẹn, òun gan-an ló ń ti orí ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Kíákíá ni gbogbo ilé ń pe ọmọbìnrin náà, nítorí kò ní sùúrù láti dúró de ohunkóhun. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ilé iṣẹ́ kan tó ń fi kọ̀ǹpútà ya máàpù ń wá akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo tí yóò wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn nígbà ìsinmi. Wọ́n fún gbogbo àwọn tó ń du àyè náà ní àkójọ ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń yàwòrán, wọ́n ní kí kálukú mú kó yára sí i. Kíákíá fẹ́ àyè yẹn ju oúnjẹ lọ, bẹ́ẹ̀ ẹ ò tíì rí bí ọmọ náà ṣe ń jẹun!

"Màmá, ẹ wá wò ó," ó pè mí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. "Kọ̀ǹpútà yìí ní ọpọlọ mẹ́rin, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ló ń ṣiṣẹ́. Àwọn mẹ́ta yòókù ń wòran."

"Bíi ti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ nígbà tí abọ́ bá wà nílẹ̀ láti fọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Mo ti pín máàpù sí mẹ́rin báyìí. Ọwọ́ mẹ́rin ló ń yà á lẹ́ẹ̀kan náà."

Ó tẹ nǹkan. Kí n tó ṣẹ́jú, máàpù ti yọ: odò búlúù, ọ̀nà pupa. Mo pàtẹ́wọ́. Ó tún un tẹ̀, mo tún pàtẹ́wọ́. Nígbà keje, odò kan yọ pupa fòò láàárín ìlú. Mo ṣì pàtẹ́wọ́, mo rò pé ọ̀ṣọ́ ni.

"Màmá, ó ti bàjẹ́ nìyẹn." Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. "Bó ṣe ń ṣe nìyẹn, bíi ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́wàá, mi ò sì mọ ìdí rẹ̀. Ọ̀la la máa fi hàn wọ́n."

Ibẹ̀ ni mo ti sọ̀rọ̀ òmùgọ̀ náà. "Ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́wàá? Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta péré, kí o pa á. Ta ni yóò mọ̀?"

Ó pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé, ó lọ sùn.

Lọ́jọ́ kejì mo tẹ̀ lé e lọ sí ilé iṣẹ́ náà. Yàrá ibẹ̀ mọ́, ó tutù, àga wọn sì há débi pé ìdajì ìdí mi ló jókòó, ìdajì yòókù ń dúró de àyè. Ọ̀gá wọn, ọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan tó wọ awò ojú, ní kí Kíákíá ṣe tirẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dára.

"Kò sẹ́ni tí tirẹ̀ yá tó báyìí," ni ọ̀gá wí, ó sì ti ìwé kan sí iwájú rẹ̀. "Bó bá ti ṣe é lò, fọwọ́ sí ibí yìí. Àyè di tìrẹ nìyẹn."

Kíákíá mú bírò. Ó gbé bírò kalẹ̀.

"Kò tíì ṣe é lò, sà. Nígbà mìíràn ó máa ń kun odò bíi ọ̀nà. Mi ò tíì mọ ìdí rẹ̀."

Mo já a léèékánná nítan. Kò tilẹ̀ wò mí.

"O ṣeun tí o sọ ọ́," ni ọ̀gá dáhùn. "Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba máàpù yẹn gbọ́, inú omi ni yóò wakọ̀ wọ̀. Mi ò lè fún ọ ní àyè yìí." Ó fi àyè náà fún ọmọbìnrin kan tí ètò tirẹ̀ ń rìn bí ìgbín, ṣùgbọ́n tí kò ṣàṣìṣe.

Ní títì, mo pariwo mọ́ ọn. "Ẹnu rẹ ò lè sinmi ni?"

"Màmá, ẹ máa bínú lọ, ṣùgbọ́n ẹ bá mi gbé àpò. Ó wúwo."

Mo gbé àpò. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, omijé ló ń nù.

Ọjọ́ kẹta ni mo bi í pé, "Àwọn ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, níbo ni wọ́n ti ń bu ọ̀dà?"

"Garawa kan náà ni, Màmá. Ẹni tó bá fẹ́ kùn yóò sọ àwọ̀ tó fẹ́, garawa yóò yí padà sí i."

Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi dùn mí. "Bí mo ṣe ba ilé onílé jẹ́ nìyẹn! Ahun ni mí, garawa kan ni mo fún ọmọṣẹ́ mẹ́ta. Ọ̀kan yíjú, èkejì da pupa sí i. Ògiri náà ní àwọ̀ tí kò lórúkọ."

Kíákíá fò dìde. Ó kọ́kọ́ ní kí àwọn ọwọ́ náà máa tò nídìí garawa. Àwòrán tọ́, ṣùgbọ́n ó falẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, torí ọ̀kan ń kùn, mẹ́ta ń dúró. Ó wá fún ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ní garawa tirẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá ń gbé iṣẹ́ tó parí sójú kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n ń tò. Ó ní kí ètò náà sáré nígbà ẹgbẹ̀rún. Odò kankan ò pọ́n.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ, èyí tí mo kọ́ lọ́dọ̀ ọmọ ló ṣe pàtàkì jù: ká ní ó fọwọ́ síwèé lọ́jọ́ yẹn ni, kò ní wá ìdí garawa láé. Àṣìṣe tí a bá fi pamọ́, ṣe ló ń dàgbà sínú ilé. Èyí tí a bá sọ jáde ni a lè tún ṣe.

Ó padà lọ bá ọ̀gá, èmi náà sì wà lẹ́yìn rẹ̀, lórí ìdúró lọ́tẹ̀ yìí.

"Sà, mo mọ̀ pé àyè ti kún. Mo kàn wá sọ ìdí tí odò fi ń pọ́n fún yín ni." Ó sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ garawa fún un.

Ọkùnrin náà wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọmọ mi, tiwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún méjì rèé tí à ń fọwọ́ kun àwọn odò padà kí oníbàárà tó rí i, a ò sì sọ fún ẹnì kankan. Ọjọ́ wo lo lè bẹ̀rẹ̀?"