Àmì Ọ̀dà Lára Súpáshájà

"Mofẹ́, jọ̀ọ́, bá mi fi àmì ẹ sí i. Màmá mi ń retí mi ní Ìbẹ̀fun, ara wọn ò yá."

Bọ̀wálé ló sọ bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, nínú ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Albert, mẹkáníìkì tí gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde mọ̀. Ó ti fọ ọwọ́ tán, ó ti gbé báàgì kọ́ èjìká. Mofẹ́olúwa gbójú sókè níbi tó ti ń nu pílọ́ọ̀gì, ó wo súpáshájà tó wà lórí tábìlì. Wọ́n ti dé e pa, gbogbo bóòtù rẹ̀ ló ti wà ní àyè wọn.

"Bọ̀ọ̀dá Bọ̀wálé, ṣé bíárìn tuntun náà wọlé dáadáa?"

"Ṣé o rò pé ẹ̀kọ ni mo fi sí i ni?" Bọ̀wálé rẹ́rìn-ín. "Àbí o ò fọkàn tán mi mọ́?"

Òfin ṣọ́ọ̀bù náà ni pé iṣẹ́ ńlá kan kò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé ẹlòmíràn yàtọ̀ sí ẹni tó ṣe é wo inú rẹ̀. Ẹni tó bá wò ó ni yóò fi ọ̀dà tirẹ̀ sàmì sórí bóòtù. Ọ̀dà pupa ni ti Mofẹ́. Ẹni tí àmì rẹ̀ bá wà níbẹ̀ ni yóò sì jíhìn bí ọ̀rọ̀ bá bẹ́yìn yọ.

Walter ló ni súpáshájà yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fẹ́ràn eré sísá ju oúnjẹ lọ. Kò bá mọ́tò rẹ̀ wá. Ńṣe ló rà á lọ́tọ̀, tó ní kí wọ́n so ó mọ́ ẹ́ńjìnì. Bẹ́líìtì ló ń yí i, òun náà á máa fa atẹ́gùn, á máa tì í wọ inú ẹ́ńjìnì, mọ́tò àlòkù á sì máa sáré bí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ọmọ tí inú ń run, Ọ̀gá Albert rí i pé bíárìn inú rẹ̀, tó ń jẹ́ kó yí geere, ti kú. Ẹ̀gbọ́n Walter ló fi tuntun ránṣẹ́ láti òkè òkun, Ọ̀gá sì gbé iṣẹ́ náà fún Bọ̀wálé.

Ọ̀gá kìlọ̀ fún Bọ̀wálé àti Mofẹ́ lọ́jọ́ náà. "Ara ẹ̀rọ yìí kì í ṣe irin o. Alumíníọ̀mù ni, irú èyí tí wọ́n fi ń rọ ìkòkò ọbẹ̀. Ẹ rọra fi iná yá a kí bíárìn tó wọlé. Hámà ò gbọdọ̀ kan bíárìn yẹn."

Ó yẹ kí Mofẹ́ tú u wò. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa tú iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò? Bọ̀wálé ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di sípánà mú. Òun ló ń gbèjà rẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù tó kù ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé obìnrin ni. Òun náà ni Mofẹ́ máa ń sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fún, títí kan májẹ̀mú tó wà láàárín òun àti ìyá rẹ̀, Ìyáàfin Edith, tó jẹ́ tísà. Ìyá náà ti ní ọmọ òun kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan irin láti búra, nítorí ọmọ ìjọ ni wọ́n. Ó tún ní ọjọ́ tí òun bá gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́ náà ni iṣẹ́ mọ́tò parí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí iṣẹ́ mìíràn tí Mofẹ́ fẹ́ láyé yìí. Ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà pupa, ó sàmì sórí bóòtù.

Ọ̀gá so ẹ̀rọ náà padà mọ́ ẹ́ńjìnì lọ́jọ́ Sátidé, Walter sì wa mọ́tò rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, wọ́n wọ́ mọ́tò náà padà wá. Súpáshájà ló há lójú ọ̀nà Ìjagun, bẹ́líìtì já, sìtíárìn le gan-in, mọ́tò sì ya wọ gọ́tà. Díẹ̀ ló kù kó gbá àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń kọjá. Apá Walter kán.

Ọ̀gá Albert tú ẹ̀rọ náà lójú gbogbo wọn. Bíárìn àtijọ́ ló bá níbẹ̀, ó ti fọ́ wẹ́wẹ́.

"Ta ló yẹ èyí wò?"

"Èmi ni, sà," ni Mofẹ́ wí. "Ṣùgbọ́n mi ò tú u. Bọ̀ọ̀dá Bọ̀wálé ní kí n..."

"Ọ̀gá, ọwọ́ mi yìí ni mo fi fi tuntun sí i," ni Bọ̀wálé gbà á mọ́ ọn lẹ́nu. "Nígbà tí mo lọ sí Ìbẹ̀fun, Mofẹ́ nìkan ló kù tì í. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ pé òun fẹ́ dán irú iṣẹ́ yìí wò. Ó ní láti jẹ́ pé ó tú u, ó ba tuntun jẹ́, ló bá dá àtijọ́ padà."

Mofẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò kọ́kọ́ yé e. Ó ń retí kí Bọ̀wálé rẹ́rìn-ín. Bọ̀wálé ò rẹ́rìn-ín, kò tilẹ̀ wo apá ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ọ̀rọ̀ náà dun Mofẹ́ dé egungun.

Bí ọ̀rọ̀ bá dojú rú báyìí ní ṣọ́ọ̀bù wọn, irin ni wọ́n fi ń yanjú rẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ á fi eyín gé irin, á fi Ògún búra. Ọ̀gá Albert ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n bó ṣe bá a lọ́wọ́ ọ̀gá tirẹ̀ nìyẹn. Ó gbé sípánà ńlá kan sórí tábìlì.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú," ni Mofẹ́ wí. "Mi ò lè búra. Màmá mi ò fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni mo sọ."

Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Bọ̀wálé ní tirẹ̀ kò fọwọ́ kan sípánà. Ó bọ́ síwájú, ó gbé súpáshájà gan-an.

"Kí la tún ń wá irin mìíràn fún? Èyí tó dá wàhálà sílẹ̀ ni màá fi búra." Ó fi eyín gé etí ẹ̀rọ náà. "Bí mo bá mọ ohun tó ṣe bíárìn tuntun, kí Ògún má dá mi sí."

Gbogbo wọn gbà á gbọ́. Ògún ni wọ́n ń bọ nílé bàbá Bọ̀wálé, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í sì í fi irin ṣeré.

"Mofẹ́, kó ẹrù ẹ," ni Ọ̀gá wí. "Màá pe màmá ẹ nírọ̀lẹ́."

Mofẹ́ bọ́ aṣọ iṣẹ́. Ó ń dá irinṣẹ́ padà lọ́kọ̀ọ̀kan, omijé ò jẹ́ kó ríran dáadáa. Èyí tó gbẹ̀yìn ni mágínẹ́ẹ̀tì ọlọ́wọ́ gígùn tí wọ́n fi ń ṣa nọ́ọ̀tì tó bá já sínú ẹ́ńjìnì. Ó gbé e lé súpáshájà lórí láìbìkítà. Mágínẹ́ẹ̀tì náà yọ̀ bọ́ sórí tábìlì, ó sì lẹ̀ mọ́ sípánà.

Mofẹ́ nu ojú. Ó mú un, ó tún fi kan etí súpáshájà níbi tí Bọ̀wálé gé. Kò lẹ̀ mọ́ ọn.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò ó. Ẹ̀yin lẹ sọ fún wa pé ara ẹ̀ kì í ṣe irin."

Ọ̀gá Albert wò ó, ó wo Bọ̀wálé, ó sì mí kanlẹ̀. "Ìbínú ò dára. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì gbàgbé." Ó na sípánà sí Bọ̀wálé. "Gé èyí."

Bọ̀wálé nawọ́, ọwọ́ náà sì dúró lójú ọ̀nà. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ má jẹ́ kí n gé e. Hámà ni mo fi kan bíárìn tuntun, ló bá fọ́. Mo jù ú sígbó, mo dá àtijọ́ padà. Mo ti fẹ́ kọ́ṣẹ́ tán, fúrídọ̀mù mi ti sún mọ́lé, ẹ̀rù bà mí pé ẹ ó sún un síwájú."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ orí mi lẹ gbé e lé?" ni Mofẹ́ béèrè.

"Tísà ni màmá ẹ. Ibi tó o máa lọ pọ̀. Èmi ò níbòmíràn. Mo sì mọ̀ pé o ò ní búra."

Ibi tó ti dun Mofẹ́ jù nìyẹn, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló sọ májẹ̀mú ìyá rẹ̀ fún un.

"Bọ̀wálé," ni Mofẹ́ wí, "o bẹ̀rù láti parọ́ fún irin. O ò bẹ̀rù láti parọ́ mọ́ mi."

Gbogbo wọn ló gbọ́ pé kò fi bọ̀ọ̀dá síwájú orúkọ náà mọ́. Ẹnikẹ́ni ò bá a wí.

Ọ̀gá sún fúrídọ̀mù Bọ̀wálé síwájú, ó sì ní kí òun àti bàbá rẹ̀ lọ bẹ Walter. Ó yíjú sí Mofẹ́. "O ò lọ síbì kankan mọ́. Ṣùgbọ́n apá ọmọ ọlọ́mọ kán, àmì tìẹ ló sì wà níbẹ̀. Gbé búrọ́ọ̀ṣì ẹ wá. Ọjọ́ tí mo bá rí i pé o ti kọ́gbọ́n, wàá gbà á."

Mofẹ́ gbé e fún un láìjiyàn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ló ro gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀, kò fi ìkankan pamọ́. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ dé òpin, kò ní kó fi iṣẹ́ mọ́tò sílẹ̀, ńṣe ló ní kó wọ bàtà, kí àwọn lọ kí Walter ní ọsibítù.

Nígbà tí Mofẹ́ gba búrọ́ọ̀ṣì padà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kó yẹ̀ wò, Bọ̀wálé ló ṣe é. Bọ̀wálé ò ní kó fọkàn tán òun. Ó tú bóòtù fúnra rẹ̀, ó sì yẹ̀bá. Mofẹ́ tẹ̀ba, ó wo inú ẹ̀rọ náà fínnífínní, ó fọwọ́ yí bíárìn, kó tó wá ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fẹ́ràn ọ̀rẹ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi orúkọ yín sí ohun tí ojú yín kò rí. Ẹni tó bá fẹ́ràn yín dénú á dúró kí ẹ wò ó.