Ẹ̀kán Tó Lọ́ra Láti Já Bọ́

Dídorí kodò ni ọkùnrin náà kọ́kọ́ rí ọmọbìnrin náà. Ẹ̀kán omi kan ló rọ̀ sẹ́nu abẹ́rẹ́, tó mọ́ lóló. Inú rẹ̀ ni ojú ọmọbìnrin náà ti hàn, ó kéré bí èékánná ọmọ ọwọ́, àgbọ̀n lókè, irun nísàlẹ̀.

"Ẹ má mí sí i o," ọmọbìnrin náà wí, kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára ẹ̀kán náà. "Á já bọ́."

Ọkùnrin náà sé èémí. Gíláàsì tó fọ́ nínú yàrá ìdánwò náà ló wá tún ṣe. Onígò ni gbogbo ènìyàn ń pè é.

"Omi kí nìyẹn?"

"Ohun líle méjì ni. Ọ̀kan ni ajílẹ̀ funfun tí àgbẹ̀ ń fọ́n sóko, èkejì ni iyọ̀ tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ adìyẹ. Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ooru díẹ̀ ò lè yọ́ wọn. Ẹ pò wọ́n pọ̀, wọ́n á di omi. Mo ń wọn bí ojú omi náà ṣe ń di ara rẹ̀ mú tó. Bí ẹ̀kán bá ṣe tóbi tó kó tó já, bẹ́ẹ̀ ni agbára rẹ̀ ṣe tó."

Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni Onígò ń yọjú, gíláàsì fọ́ o, kò fọ́ o. Yóò nu èyí, yóò nu tọ̀hún. Ó sọ ọmọbìnrin náà ní Ẹ̀kán. Ọ̀rọ̀ wọn kì í pọ̀, ẹ̀rín wọn ló ń pọ̀.

Bàbá Ẹ̀kán ni ọ̀gá yàrá ìdánwò náà. Àgbà kì í wà níbẹ̀ kó má rí nǹkan.

"Ọkùnrin yẹn ò lẹ́nu," ló wí fún ọmọ rẹ̀. "Ìwọ náà ò lẹ́nu. Bí ẹ bá fẹ́ra, ta ni yóò máa dá àlejò lóhùn? N kò lè fa ọmọ mi fún ẹni tí kò ní lè gbẹnu sọ fún un."

Ẹ̀kán wolẹ̀. Ó padà sídìí abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni iye tó ń wọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Tòní kò bá tàná mu. Bàbá ṣí ìwé, ojú rẹ̀ le.

"Iṣẹ́ oṣù kan ti bàjẹ́. Omi inú afẹ́fẹ́ ti wọ inú iyọ̀ yìí. Àìbìkítà ni, ọmọ mi."

Ẹnu ọ̀nà ni Onígò dúró sí, àkísà lọ́wọ́.

"Èmi ni, sà. Kì í ṣe òun. Àràárọ̀ ni mò ń ṣí ìdérí ìgò iyọ̀ yẹn láti nu ẹnu rẹ̀, kó lè máa dán lójú rẹ̀. N ò mọ̀ pé iyọ̀ náà ń mu omi inú afẹ́fẹ́. Ẹ má bá a wí, sà. Èmi ni kí ẹ bá wí."

Bàbá yíjú sí i.

"O lẹ́nu, àṣé," ni Bàbá wí. "Nígbà tí gíláàsì kan ò fọ́, kí lò ń wá ṣe níbí àràárọ̀?"

"Ọmọ yín ni, sà."

Bàbá pa ìwé dé. "Ẹ da iyọ̀ yẹn nù. Ẹ jọ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀." Ó jáde, ó rọra fa ilẹ̀kùn dé.

Nígbà tí ẹ̀kán tuntun rọ̀ sẹ́nu abẹ́rẹ́, Onígò súnmọ́ ọmọbìnrin náà.

"Ẹ̀kán mi, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Jẹ́ kí eléyìí já ná."

Wọ́n dúró. Ẹ̀kán omi náà sanra, ó mì, kò já.

Ni ọmọbìnrin náà bá na ọwọ́, ó sì fi ìka kan ta abẹ́rẹ́ náà pẹ́ẹ́.