Bẹ́líìtì Ara Ilẹ̀kùn Píkọ́ọ̀pù

Ẹsẹ̀ ni ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ rí. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí páálí lábẹ́ píkọ́ọ̀pù, ọ́ìlì dúdú ń kán sí i létí, ni bàtà méjì bá wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Ìyẹ̀fun pákó bo bàtà náà. Okùn ọ̀kan ti já, wáyà iná ni wọ́n fi dípò rẹ̀.

“Ìwọ mẹkáníìkì yìí,” ló pariwo láti ìsàlẹ̀, “bó o bá tún la ẹnu sọ pé ká ta ọkọ̀ bàbá mi fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, orí rẹ ni jáàkì yìí máa gbé sókè!”

Bàtà náà fà sẹ́yìn díẹ̀. “Ẹ má bínú. Èmi kọ́ ni mẹkáníìkì. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná yín ni mo gbé wá.”

“Ó dáa. Bó o bá ti ní ọwọ́, na sípánà mẹ́tàlá sí mi.”

“Èwo ni mẹ́tàlá nínú wọn?”

“Èyí tí wọ́n kọ mẹ́tàlá sí lára!”

Nígbà tó rákò jáde, gíríìsì wà níwájú orí rẹ̀, téèpù ìwọ̀n aṣọ sì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ti gbàgbé láti bọ́ ọ. Ọkùnrin náà wò ó, ó rẹ́rìn-ín.

“Ṣé télọ̀ ni yín ni, àbí mẹkáníìkì?”

“Télọ̀ ni mí. Ìwọ ńkọ́, káfíńtà ni ọ́, àbí ìyẹ̀fun lásán?”

Bí wọ́n ṣe pàdé nìyẹn. Kò sí òdòdó níbẹ̀, kò sí òṣùpá.

Láti ọjọ́ tí bàbá télọ̀ ti kú ni píkọ́ọ̀pù náà ti jókòó sórí búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn ilé, tí adìyẹ ń yé ẹyin sínú rẹ̀. Mẹkáníìkì àdúgbò ti ní ó ti kú. Télọ̀ ní ẹnu rẹ̀ ló kú. Láti kékeré ló ti ń di tọ́ọ̀ṣì mú fún bàbá rẹ̀ nídìí ọkọ̀ yẹn, ẹni tó bá sì di tọ́ọ̀ṣì mú pẹ́ ti kọ́ṣẹ́ tán, owó ìyọ̀ǹda nìkan ni kò tíì san.

Ilẹ̀kùn ilé ìdáná ti wà ní ipò rẹ̀, síbẹ̀ káfíńtà ń wá. Ó ní òun fẹ́ wò ó bóyá ó ń há. Kò há. Ó tún wá. Wọ́n jọ fọ kábúrétọ̀ nínú abọ́, wọ́n jọ pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, káfíńtà sì mọ sípánà mẹ́tàlá yàtọ̀ sí mẹ́rìnlá níkẹyìn.

Iṣẹ́ búréèkì ló wá kó bá wọn. Iṣẹ́ yẹn kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹnì kan á wà lókè, á máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ẹnì kejì á wà nísàlẹ̀, á máa jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde nínú páìpù rẹ̀.

“Tẹ̀ ẹ́!”

“Mo ti tẹ̀ ẹ́.”

“Dì í mú!”

“Mo dì í mú. Ọ̀gá mi, ṣé o máa fẹ́ mi?”

Afẹ́fẹ́ ń hó jáde lójú ihò.

“Ṣé ẹsẹ̀ rẹ ṣì wà níbẹ̀?”

“Ó wà níbẹ̀.”

“Má gbé e kúrò. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ yìí bá sítáàtì, a jọ máa sọ fún Màmá.”

Gbogbo nǹkan ìbá rọrùn, àfi ti ilẹ̀kùn apá ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ èrò. Kò ní àgádágodo tó ṣiṣẹ́. Bẹ́líìtì awọ àtijọ́ kan ni bàbá fi so ó mọ́ irin ìjókòó, ìdè rẹ̀ á sì wà níwájú ikùn ẹni tó bá jókòó síbẹ̀. Ilẹ̀kùn tí kò pa dé sì ń ṣe káfíńtà bí ẹ̀gún àtẹ́lẹsẹ̀. “Jẹ́ ká fi ya Màmá lẹ́nu,” ló wí. Télọ̀ ní kó ṣe é. Ó yọ bẹ́líìtì, ó jù ú sínú àpò àjákù pákó rẹ̀, ó de àgádágodo tuntun mọ́ ọn. Ilẹ̀kùn náà pa dé bíi ti báńkì.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọkọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí búlọ́ọ̀kù, tí ẹ́ńjìnì sì dún, Màmá sáré jáde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Ó di ilẹ̀kùn náà mú. Ilẹ̀kùn ṣí wọ́ọ́rọ́. Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀.

“Ta ló tú u?”

“Èmi ni, Màmá. Mo ti tún un ṣe.”

“Ta ló sọ fún ọ pé ó bàjẹ́?”

Télọ̀ dá sí i. “Màmá, èmi ni mo ní kó ṣe é.”

“Ọmọ ni ìwọ, ọmọ lè ṣìṣe. Òun ńkọ́? Ẹni tí kò bèèrè kó tó tú ohun tí ọkọ mi dì, ṣé ó máa bèèrè kó tó mú ọmọ mi lọ? Káfíńtà, ilé mi ò nílò ilẹ̀kùn mọ́. Ó dàbọ̀.”

Télọ̀ bá ìyá rẹ̀ jà, ó sì bá a sunkún. Kò ja ìjà náà dójú ikú, torí ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Màmá ní egungun nínú. Kò sì lọ bá káfíńtà níta. Ó fẹ́ kó tọ ẹnu ọ̀nà wọlé.

Káfíńtà tú àpò àjákù rẹ̀ dànù, ó wá bẹ́líìtì náà títí ó fi rí i. Ó padà wá ní ọ̀sán gangan, ó dúró sí ẹnu géètì.

“Màmá, mi ò tíì wá tọrọ ọmọ yín. Ohun tí mo fi kún ọkọ̀ yìí ni mo wá yọ, tẹ́ ẹ bá gbà fún mi.”

Màmá kúrò lójú ọ̀nà. Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ ti ilẹ̀kùn, ó tú iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, iṣẹ́ tó dán, tí kò ní àbùkù kankan. Ó fa bẹ́líìtì kọjá, ó wá dúró.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ihò wo ni Bàbá máa ń kì í sí?”

Màmá fọwọ́ kan awọ bẹ́líìtì náà.

“Ìkẹta,” ló wí. Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. “Ọwọ́ mi dé ibẹ̀, mo lè tú u fúnra mi. Mi ò tú u rí. Bá a bá ti délé, á pa ẹ́ńjìnì, á wá na ara kọjá lórí mi, á ní, ‘Dúró, ìyàwó mi, kí n tú ọ sílẹ̀.’ Àní bá a bá jà lọ́nà, á ṣì na ara kọjá. Ẹ̀yin rò pé ahun ni kò jẹ́ kó ra àgádágodo?”

Ẹ̀yìn ọkọ̀, láàárín ẹrù, ni télọ̀ máa ń jókòó sí nígbà náà. Kò rí i rí.

Màmá dìde. “Gbé e jáde, ká wò ó bóyá ó máa rìn. Káfíńtà, wọ iwájú ọkọ̀.”

“Màmá, ibi tiyín nìyẹn.”

“Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi ní kó o jókòó síbẹ̀ nìyẹn.” Ó na ọwọ́ gba ojú fèrèsé, ó dè é sí ihò kẹta.

Wọ́n yí àdúgbò po. Mẹkáníìkì rí wọn, ó ya ẹnu, télọ̀ fọn fèrè sí i lẹ́ẹ̀mejì. Búréèkì mú. Nígbà tí wọ́n padà dé, Màmá ṣì wà níbi tí wọ́n fi í sí.

Télọ̀ pa ẹ́ńjìnì. Ìdè bẹ́líìtì wà níwájú ikùn káfíńtà, ṣùgbọ́n ó ká ọwọ́ méjèèjì lé itan, kò mira. Télọ̀ na ara kọjá lórí rẹ̀, téèpù ọrùn rẹ̀ sì kan àgbọ̀n ọkùnrin náà.

“Dúró, ọkọ mi,” ló wí, fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì jẹ́ kí Màmá gbọ́, “kí n tú ọ sílẹ̀.”

Màmá yíjú, ó ti géètì pa, káfíńtà wà nínú.

“Rọra tú u,” ni káfíńtà wí. “Mi ò kánjú.”