Obìnrin Tó Ń Kàwé Lójú Fèrèsé

Inú ti ń bí Ìnsípẹ́kítọ̀ Àlímì kó tó jókòó. Wọ́n ti ti Fasilat mọ́lé nítorí àwòrán kan, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó tíì fara balẹ̀ wo àwòrán náà.

"Ayédèrú rèé," ni Dókítà Adésànmí wí, ó ti férémù náà sí i lórí tábìlì. "Wọ́n ti fi pẹ́ńsù ya ojúlówó láti ìgbà ayé àwọn baba ńlá wa. Mo gbé e fún Gbóyèga tó ń ṣe férémù ní àdúgbò Mayfair pé kó pààrọ̀ férémù rẹ̀. Fasilat tó ń bá a ṣiṣẹ́ ló gbé e wọ taxi wá sílé mi níbí. Èyí ló gbé dé."

"Ṣé ẹ bi í léèrè?"

"Kí ni mo fẹ́ bi í? Ọlọ́pàá ni mo pè. Lọ́la ni wọ́n á dá a padà sí Nàìjíríà."

Àlímì gbé ìbínú mì. Àwọn oníjìbìtì tó ń ṣe ayédèrú ìwé ló fi gbogbo iṣẹ́ ọlọ́pàá rẹ̀ lé kiri l'Ékòó, kó tó fẹ̀yìn tì wá bá ọmọ rẹ̀ ní àdúgbò Turffontein, ní gúúsù Áfíríkà níbí. Ó mú fọ́tò tí dókítà ti ya ojúlówó nígbà kan, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ayédèrú.

Obìnrin kan jókòó lójú fèrèsé, ó tẹ orí ba. Ọrùn rẹ̀, apá rẹ̀, ìṣẹ́po aṣọ rẹ̀, gbogbo wọn ń darí ojú wálẹ̀ sórí ìwé tó wà lórí itan rẹ̀. Ayàwòrán kò fi pẹ́ńsù kan ojú ìwé náà rárá, funfun bébà lásán ló fi sílẹ̀, ibẹ̀ ló sì mọ́lẹ̀ jù. Níbi òjìji abẹ́ àga ni ojú Àlímì ti dúró. Nínú fọ́tò, àwọn ìlà òjìji fì láti ọ̀tún lókè wá sí òsì nísàlẹ̀. Nínú ayédèrú, òdìkejì ni wọ́n fì sí.

"Ẹ jẹ́ ká lọ sí Mayfair," ló wí.

Gbóyèga dọ̀bálẹ̀ kí wọn ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. "Eish, ọmọ yẹn dójú tì mí, sà. Bí ọmọ ni mo ṣe mú un." Àlímì ní kó kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi kọ ọ́.

Àlímì wá gbé ayédèrú síwájú rẹ̀. "Ẹni tó ya èyí ò mọṣẹ́. Wo òjìji yìí, ó rí wúruwùru bí iṣẹ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi."

Ojú Gbóyèga le. "Kò rí wúruwùru, sà."

"Ẹni yẹn ò lè yà á dáadáa láéláé."

Gbóyèga gbá pẹ́ńsù kan mú lórí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà sórí bébà pẹ̀lú ìbínú. Òjìji náà jáde, ó dán mọ́rán. Ìgbà náà ni òun fúnra rẹ̀ rí ọwọ́ tó ń lò níwájú àgbà.

"Ẹ má bínú, sà. Ọwọ́ òsì ni."

"Ọwọ́ òsì kọ́ ló ń bí mi nínú." Àlímì gbé bébà náà ti ayédèrú, ibì kan náà ni ìlà méjèèjì fì sí. "Ọlọ́wọ́ ọ̀tún ló ya ojúlówó. Ọlọ́wọ́ òsì ló ya èyí. Wọ́n nà ọ́ nílé ìwé títí o fi ń fi ọ̀tún kọ̀wé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó nà ọ́ nídìí àwòrán. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé o jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ máa sùn lórí sìmẹ́ńtì nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ."

Gbóyèga jókòó wọ̀ọ̀. "Olówó kan ní Sandton ló fẹ́ ra ojúlówó," ló wí. "Ojúlówó náà wà lẹ́yìn pákó yẹn."

Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá, Fasilat kúnlẹ̀ kí Àlímì. Dókítà na ọwọ́ sí i. "Ọmọ mi, má bínú."

"Ilé yín ni mo kọ́kọ́ gbé nígbà tí mo dé ìlú yìí, sà," ni Fasilat wí. "Ẹ ò tiẹ̀ bi mí léèrè."

Ó dìde, ó kọjá lára dókítà. Kò kúnlẹ̀ fún un.